Oúnjẹ Ìtọ́wò àti Ahọ́n Ará Yewa

Ní àwọn ìlú ńlá ayé lónìí, irú ilé oúnjẹ kan wà tí ẹni tó wọlé kì í sọ ohun tó fẹ́ jẹ. Alásè ti pinnu fún un. Ẹ ó jókòó, wọn á gbé àwo kékeré kan wá, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní ju òkèlè méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, wọn á kó o, wọn á gbé òmíràn dé, títí àwo mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá yóò fi kọjá níwájú yín. Iye kan ṣoṣo ni ẹ ó san fún gbogbo rẹ̀. Àwọn Faransé ló sọ ọ́ di àṣà ní ilé oúnjẹ olówó ńlá, àwọn ará Japan náà sì ní irú tiwọn tí wọ́n ń pè ní kaiseki. Èmi yóò máa pè é ní oúnjẹ ìtọ́wò nínú àròkọ yìí, nítorí pé ká tọ́ nǹkan wò ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; ẹni tí ebi ń pa gidi, bùkà ni kó gbà lọ.

Kí ló wá kan olùkọ́ kan ní Ìlaró nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti di ohun tí àwọn òbí ń bi mí. Ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ fi oúnjẹ irú èyí yẹ́ wọn sí, wọn kò sì mọ bí wọn yóò ṣe dá èyí tó dára mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń fi àwo funfun gbowó lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun kejì tún ń dùn mí. Bí àwọn ọmọ wa bá wálé fún ọdún Òrònná, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn òyìnbó ti wá sọ ẹ̀gúsí àti mọ́ínmọ́ín di oúnjẹ pàtàkì. Ìgbà wo ni kò ṣe pàtàkì? Mo fẹ́ fi hàn pé òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ oúnjẹ ìtọ́wò tó dára kò jìnnà sí wa rárá, àti pé ọmọ kíláàsì kẹta girama tó bá ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà lè ṣe lámèyítọ́ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ sí ọjà Sayédẹ̀rọ̀, ẹ dúró níwájú ẹni tó ń ta gàrí. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó ń ra gàrí láìkọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu. Ìwọ̀nba tí ìka mẹ́ta lè mú ni, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ahọ́n ń ṣe lórí rẹ̀. Bí ó bá kan, ẹ̀gẹ́ náà pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó dín in. Bí ó bá ń ró láàárín eyín, iná tó o. Bí ó bá rọ̀, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ hu. Bí ẹ bá gé iyanrìn jẹ, ẹ ti mọ irú ẹni tó fọ ẹ̀gẹ́ náà. Epo pupa ń gba orí ìka: ẹ ó tì í bọ̀ ọ́, ẹ ó lá a, èyí tó bá ń há ènìyàn lọ́fun, ó ti pẹ́ nílẹ̀ jù tàbí kí ẹyìn rẹ̀ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó sè é. Ìyá mi lè sọ bóyá epo jẹ́ ti ọdún yìí tàbí ti èṣí láìtíì gbé kèrègbè sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín ìtọ́wò ọjà àti ti ilé oúnjẹ, ó sì tóbi. Lọ́jà, ìtọ́wò ló ṣáájú owó. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó ní "ẹ kú ọjà o," ẹ ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ní ilé oúnjẹ ìtọ́wò, owó ló sábà ń ṣáájú. Ẹlòmíràn ti gba àṣẹ ahọ́n yín kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó bá gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣé àwa náà ní irú àṣẹ yẹn nínú àṣà wa? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá jẹ oúnjẹ ìtọ́wò, kò tíì ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ láyé. Ẹ rántí ìsọmọlórúkọ. Omi, iyọ̀, oyin, epo, obì, orógbó, ataare, ẹja, wọ́n á tò wọ́n sílẹ̀. Àgbà ilé á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi díẹ̀ kan ẹnu ọmọ tàbí ti ìyá rẹ̀, á sọ̀rọ̀ lé e lórí, lẹ́yìn náà wọn á gbé e yí agbo ká kí gbogbo èrò tọ́ ọ wò. Kò sí ẹni tó yó níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ráhùn pé òun kò yó. Wọ́n ṣì ń se ìrẹsì àti àmàlà lẹ́yìn ilé fún ìyẹn.

Mo ti ronú sí i dáadáa, mo sì rí i pé ohun mẹ́ta ló mú kí àwo kékeré yẹn dùn mọ́ wa. Ó kéré nítorí pé ó yẹ kó kéré, kì í ṣe pé wọ́n fi ahun ṣe é. Wọ́n mú un ní ẹsẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ sì wà fún ìkọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó bá ohun tó wà lẹ́nu mu: orógbó kí ọmọ lè gbó, oyin kí ayé rẹ̀ lè dùn, omi nítorí pé kò sí ẹni tó lè ṣe aláìní i. Ẹ mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó di ìsọkúsọ lásán.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó mú mi lọ sí ilé oúnjẹ ìtọ́wò kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwo méje ni. Owó tí ó san fún àwa méjèèjì yóò ra gàrí tí agbo ilé wa máa jẹ fún oṣù mẹ́ta, àbúrò mi sì ní kí n má ṣe ìṣirò yẹn sókè.

Àwo àkọ́kọ́ jẹ́ ọbẹ̀ olómi ata nínú ife tí kò ju èyí tí a fi ń fún ọmọdé lóògùn lọ. Ata rẹ̀ ta débi pé omijé dà lójú mi. Àwo kejì jẹ́ ẹja tí wọ́n gé ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé lórí. Ó ṣeé ṣe kí ẹja náà dùn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ahọ́n mi ṣì ń jó. Èyí ni àléébù tó burú jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀, nítorí pé ọmọdé tó bá ti ta ayò rí mọ̀ pé bí èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ibi tí yóò já sí. Alásè tó bá fi ata ṣíwájú ti sin ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọbẹ̀ náà kò burú. Ipò rẹ̀ ni kò dára. Ká ní àwo kárùn-ún ni, mo lè yìn ín.

Àwo kẹta ni ẹ̀gúsí, tí wọ́n fà gbọọrọ lórí àwo bí ẹni pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun ògiri, pẹ̀lú iyán tó tó ẹyin àdàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gúsí tí a bá tẹ́ pẹlẹbẹ báyìí máa ń tutù kíákíá, epo rẹ̀ á sì dì. Àwo kẹrin, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè nínú ife onírin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí mọ́ínmọ́ín inú ewé eéran rí mọ̀ pé òórùn ewé yẹn ni ìdajì oúnjẹ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé àwo wá ti há ìtàn gígùn kan sórí ní èdè Òyìnbó nípa bí alásè ṣe ń rántí ìyá ìyá rẹ̀. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń ra ẹ̀gúsí yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè, mà." Ẹlòmíràn ló gbé àwo karùn-ún wá.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, àwo keje dára púpọ̀. Wọ́n ṣe mílíìkì dídì, wọ́n wá wọ́n àádùn sí i lórí: àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀, tó ní epo àti iyọ̀ díẹ̀ nínú. Òtútù mílíìkì pàdé èéfín àgbàdo yẹn lẹ́nu mi, mo sì dákẹ́. Ọmọ tó gbé e wá sọ gbólóhùn kan péré: "Àádùn ni, mà." Kò nílò ìtàn kankan mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn rán mi létí Lọ́ńdọ̀nù. N kò tíì jẹun níbẹ̀; àkọsílẹ̀ oúnjẹ wọn tó wà fún gbogbo ayé láti rí ni mo fi ń ṣe ìdájọ́ mi, ẹ̀yin òǹkàwé sì lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ilé oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chishuru. Ọ̀rọ̀ Hausa ni, ó sì túmọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń bo àwọn tó jókòó nígbà tí oúnjẹ bá dé. Adéjọkẹ́ Bákàrè ló ni ín, obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ alásè fúnra rẹ̀, tó borí nínú ìdíje alásè kan ní Brixton ní 2019, tó ṣí ilé oúnjẹ náà níbẹ̀ ní 2020, tó sì gbé e lọ sí àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù ní 2023. Ní oṣù Kejì 2024, ìwé Michelin fún un ní ìràwọ̀ kan, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn náà ni Akoko, ilé oúnjẹ Aji Akokomi tí Ayọ̀ Adéyẹmí jẹ́ olórí alásè rẹ̀ nígbà náà, gba tirẹ̀.

Kí ni ìràwọ̀ yìí? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ọkọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní 1900 fún àwọn tó ń wa mọ́tò. Ní 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò máa ń jẹun láìsọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì ń san owó wọn. Ìràwọ̀ kan túmọ̀ sí pé ó tó dúró jẹun. Méjì, pé ó tó yà kúrò lójú ọ̀nà fún. Mẹ́ta, pé ó tó torí rẹ̀ rin ìrìn àjò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ táyà ṣì wà nínú rẹ̀! Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò dé Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó bá ń dúró de ìràwọ̀ kó tó gbà pé nǹkan dùn ní Èkó tàbí ní Ayétòrò, ebi ni yóò pa á.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa Chishuru ni ẹ̀kuru rẹ̀. A mọ ẹ̀kuru: ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a sì sè láìfi ata tàbí epo sí i, tí ó funfun báláú, tí gbogbo adùn rẹ̀ dúró lé ata díndín tí a fi ń jẹ ẹ́. Obìnrin yìí gbé e síwájú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú hóró inú elégédé tí wọ́n lọ̀ àti ọbẹ̀ ata rodo. Kò pè é ní orúkọ mìíràn. Ẹ̀kuru ló kọ, ẹ̀kuru ni wọ́n ń kà. Ó kéré, ìdí tó fi kéré hàn, ata rẹ̀ sì wà níbi tí ata ẹ̀kuru máa ń wà látayébáyé. Ó yege.

Ikoyi ni ẹ̀kẹta tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀. Iré Hassan-Odukale, ọmọ Nàìjíríà, àti Jeremy Chan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló jọ dá a sílẹ̀ ní 2017. Ó gba ìràwọ̀ kan ní 2018, ó gba ìkejì ní 2022. Orúkọ àdúgbò Èkó ló ń jẹ́, àwọn èròjà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nínú oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín fúnra wọn sọ pé ilé oúnjẹ Nàìjíríà kọ́ ni. Àwọn kan ń bínú sí wọn nítorí èyí. Èmi kò bínú. Ẹni tó sọ ohun tí òun kì í ṣe fún yín kí ẹ tó sanwó kò rẹ́ yín jẹ. Síbẹ̀, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ mú yín lọ sí Ikoyi kí ẹ lè rántí ilé, ẹ sọ fún un pé owó ẹnì kan níbẹ̀ ju igba pọ́ùn lọ, kó sì gbà yín lọ síbi ẹ̀kuru.

Ní Èkó tiwa, Michael Elégbèdé, tó ti ṣiṣẹ́ ní Eleven Madison Park ní New York, padà wálé láti dá ilé oúnjẹ ìtọ́wò kan sílẹ̀ tó pè ní Ìtàn. Orúkọ náà wù mí, ó sì tún ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, nítorí pé ìtàn gan-an ni àwọn aláfarawé máa ń fi bo ọbẹ̀ tí kò dùn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá èyí tó dára ní ìlú kan, mo rò pé ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú owó yín. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ béèrè ohun tó wà lórí àwo lóṣù yìí àti ohun tó wà níbẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí àgbàdo tútù bá wà níbẹ̀ nínú ọyẹ́, tí ohun gbogbo sì rí bákan náà láti January dé December, inú fíríìsà ni alásè yẹn ti ń ṣọjà. Ẹ béèrè àwo tí ata wà. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè gba àfikún èyí tó bá dùn mọ́ yín, kì í ṣe torí pé ẹ óò gbà á, bí kò ṣe pé kí ẹ gbọ́ ohùn tí wọn yóò fi dáhùn. Ìbéèrè tó tóbi jù ni èyí tí mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn: níbo lẹ ti rà á? Ẹni tó bá mọ ìyá tó ta ẹ̀gúsí fún un, á mọ irú ẹ̀gúsí tó jẹ́, á sì mọ ìdí tó fi yẹ ká tọ́ ọ wò.

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n to àwo mẹ́fà fún ilẹ̀ Yewa. Kíláàsì máa ń gbóná lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan á ní kókóró ni kó ṣíwájú, irú èyí tí wọ́n ń fi àgbàdo dín ní Ìbórò àti Ìmàṣàyí, nítorí pé ó gbẹ, ó sì ń jí ẹnu. Ẹlòmíràn á ní láfún pẹ̀lú ilá àti ẹja yíyan ni kó wà láàárín. Wọ́n máa ń jà lórí ìgbín. Àwo tí èmi fúnra mi kò jẹ́ kí wọ́n yọ kúrò ni ti wàrà. Mo fẹ́ oríṣi méjì lórí àwo kan: wàrà funfun tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sọ́jà wa, àti èyí tí àwọn ará Benin ń pè ní wagasi, tí wọ́n ti fi poroporo ọkà bàbà sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di pupa. Mílíìkì kan náà ni, àwọn darandaran kan náà ló ń fún un. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló fi Kétu sí òdìkejì, tó sì fi Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ìlú abẹ́ Kétu, sọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tí ìjọba ti ẹnu ibodè ní oṣù Kẹjọ 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdírókò títí di oṣù Kẹrin 2022, mo wá wàrà pupa títí, n kò rí i rà. Àwo yẹn kò nílò ìtàn gígùn. Kí ẹni tó gbé e wá sọ pé, "Ti ìhín nìyí, ti ọ̀hún nìyí," kó sì kúrò níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ìyá kan tó ń ta ẹ̀kuru ní Ayétòrò, ẹni tí n kò tíì rí alábàádíje rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Mo ní mo fẹ́ kó se oúnjẹ mẹ́fà fún èèyàn mẹ́wàá lọ́jọ́ Sátidé kan, kó bu ìkọ̀ọ̀kan ní bíńtín, kó gbé e wá bó ṣe wù ú, ká sì san iye kan ṣoṣo. Ó wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ara yín yá?" Mo ní ara mi yá. Ó ní bíbù ní bíńtín kì í ṣe ìṣòro, òun ti mọ èyí tí òun máa fi ṣáájú àti èyí tó máa kẹ́yìn, ẹ̀kuru òun kò sì ní tẹ̀ lé ohun tó ní ata. Lẹ́yìn náà ló wá ṣírò ọgọ́ta àwo náà sórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó sì bi mí ta ni yóò fọ̀ wọ́n. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ni.